Cyclone ti Coney Island, Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ẹ́ńjìnnì

Ní etí òkun Àtìláńtíìkì, ní ìsàlẹ̀ Brooklyn ní ìlú New York, níbi tí òpópónà Surf Avenue ti pàdé West 10th Street, ojú irin kan wà tí kò lọ sí ìlú kankan, tí kò gbé ẹrù fún oníṣòwò kankan, tí ó jẹ́ pé ibi tí èrò ti wọ̀ ọ́ gan-an ni yóò tún já wọn sí, síbẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú oòrùn láti san owó kí wọ́n lè wọ̀ ọ́. Cyclone ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù Òkúdù ọdún 1927 ni wọ́n ṣí i. Vernon Keenan ni ó ya àwòrán rẹ̀, Harry C. Baker ni ó sì bójú tó kíkọ́ rẹ̀. Rólà kósítà ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní fi bò fún ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀kan ni mí nínú àwọn tí ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ lára dé eegun, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá dé ìlú àjèjì tí ó ń béèrè ọjà àti ilé oúnjẹ, ọgbà ìgbafẹ́ ni èmi máa ń béèrè.

Ẹni tí ó bá dúró ní òkèèrè tí ó ń wo bí ọkọ̀ náà ti ń já ṣòòrò láti òkè, tí ariwo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì gba gbogbo etí òkun kan, yóò rò pé ẹ́ńjìnnì ńlá kan ni ó wà ní ikùn rẹ̀. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣéènì gígùn kan tí mọ́tò iná mànàmáná ń fà ni ó máa ń gbé ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sí orí òkè àkọ́kọ́, tí ó ga tó 85 ẹsẹ̀ bàtà. Bí ó bá ti dé góńgó, ṣéènì a jọ̀wọ́ rẹ̀, òòfà ilẹ̀ a sì gbà á. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo eré tí yóò sá, gbogbo òkè kéékèèké tí yóò gùn, gbogbo kọ́nà tí yóò yà, owó tí ó kó jọ ní orí òkè àkọ́kọ́ yẹn ni ó ń ná. Ìdí nìyí tí òkè àkọ́kọ́ fi máa ń ga ju ìyókù lọ, nítorí pé kẹ̀kẹ́ tí ń ha irin àti afẹ́fẹ́ tí ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn kò yé bù nínú owó náà, bí ó bá sì fi máa padà dé ibùdókọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná an tán. Ojú irin Cyclone gùn tó 2,640 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí í ṣe ààbọ̀ máìlì. Eré rẹ̀ a máa tó 60 máìlì ní wákàtí kan. Gbogbo ìrìn náà kò sì tó ìṣẹ́jú méjì.

Lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dénú, gíga àti eré ni ìyìn máa ń lọ sí. Èmi kò bá wọn jiyàn pé gíga dára, ṣùgbọ́n àwọn baba wa sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Kò sí ọgbọ́n kan nínú kí nǹkan já láti òkè. Òkúta tí kò ní làákàyè pàápàá mọ̀ ọ́n já. Ohun tí ó di ọkọ̀ náà mú nígbà tí ó ń já ni iṣẹ́ ọgbọ́n, ọkùnrin tí ó sì yẹ kí a kì kí a sà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni John Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní 1872, tí àṣẹ ìdásílẹ̀ tí ìjọba fún un lórí àwọn ohun tí ó hùmọ̀ lé ní 100 kí ó tó kú ní 1941.

Ẹ jẹ́ kí a mú méjì nínú wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ọkọ̀ yìí, bí ó ti ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò máa gbọ́ ìró kan lábẹ́ ìdí rẹ̀, kà-kà-kà-kà, ìró náà ni ó sì máa ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn láyà jẹ, tí wọn a dijú, tí wọn a máa pe orúkọ Ọlọ́run, tí wọn a rò pé nǹkan kan ti fẹ́ já. Ìró ààbò ni wọ́n ń gbọ́ tí wọn kò mọ̀. Irin kékeré kan ni ó wà lábẹ́ ọkọ̀, tí ń bọ́ sínú eyín irin lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọkọ̀ ti ń gùn ún, tí ó fi jẹ́ pé bí ṣéènì tilẹ̀ já lójijì, ọkọ̀ kò lè fẹ̀yìn rìn padà sísàlẹ̀. Ibi tí ó bá dé ni yóò dúró sí, títí tí wọn yóò fi wá mú èrò sọ̀kalẹ̀. Èkejì ni kẹ̀kẹ́ abẹ́ irin, tí Miller gba àṣẹ rẹ̀ ní 1919. Kí ó tó dé, ṣe ni ọkọ̀ kàn gùn lé ojú irin láìsí ohun tí ó dì í mọ́lẹ̀ ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ, nítorí náà kò sí ẹni tí ó jẹ́ kọ́ òkè tí ó ga ní àgàjù, kí ọkọ̀ má baà fò kúrò lórí irin bí ó bá ti ré góńgó kọjá. Leap-The-Dips tí wọ́n kọ́ sí Altoona ní Pennsylvania ní 1902 kò ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, gíga rẹ̀ kò sì ju 41 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Miller wá fi kẹ̀kẹ́ kan sí òkè irin, òmíràn sí ẹ̀gbẹ́, ìkẹta sí abẹ́, ó di pé ọkọ̀ gbá irin mú lọ́nà mẹ́ta, kò sì sí ibi tí ó lè fò lọ mọ́. Ìgbà yẹn ni àwọn akọ́lé dá wàhálà sílẹ̀: ní Coney Island nìkan, Thunderbolt dé ní 1925, Tornado tẹ̀lé e ní 1926, Cyclone sì wá kẹ́yìn wọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò le tó báyìí rárá. LaMarcus Thompson ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Coney Island kan náà, ní 1884. Ojú irin tirẹ̀ kò yí po. Bí ọkọ̀ bá dé òpin, èrò a sọ̀kalẹ̀, òṣìṣẹ́ a ti ọkọ̀ gòkè, èrò a tún wọlé, wọn a sì gba ojú irin kejì padà. Máìlì mẹ́fà péré ni ó ń rìn ní wákàtí kan, sẹ́ǹtì márùn-ún sì ni owó rẹ̀. Ìyá arúgbó tí ń kánjú lọ sí ọjà yóò yá a lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ àwọn èrò New York tò dé ìta láti wọ̀ ọ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Etí òkun níbi tí ìjì kò ti ṣàjèjì ni Coney Island wà, kò sì yà mí lẹ́nu pé orúkọ àrá àti ti ìjì ni wọ́n fi sọ Thunderbolt, Tornado àti Cyclone. N kò tíì rí ọgbà ìgbafẹ́ kan tí ó fi orúkọ ìfaradà tàbí ti ìwà pẹ̀lẹ́ sọ rólà kósítà rẹ̀. Ní Kings Island ní Ohio, orúkọ ẹranko ẹhànnà, Beast, ni wọ́n fún èyí tí wọ́n kọ́ la igbó kọjá ní 1979, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 7,361 ẹsẹ̀ bàtà. Ní Blackpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ eré ìje ẹṣin Grand National ni èyí tí wọ́n ṣí ní 1935 ń jẹ́, nítorí pé ọkọ̀ méjì ni ó máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà láti bá ara wọn sá eré. Ohun ìyanu ibẹ̀ sì ni pé ojú irin méjèèjì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí ó lọ́ mọ́ ara rẹ̀, débi pé ọkọ̀ tí ó bá gbéra láti apá òsì yóò gúnlẹ̀ sí apá ọ̀tún, ọ̀pọ̀ èrò a sì sọ̀kalẹ̀ láìfura pé ibi tí wọ́n wọ̀ kọ́ ni wọ́n wà. Bí ó bá ṣe pé ilẹ̀ wa ni wọ́n kọ́ Cyclone sí, orúkọ lásán kì bá tí tó o. Oríkì ni à bá máa kì í: ìjì etí òkun, a-rọra-gbéni-gòkè, a-já-ṣòòrò-bí-àṣá, a-gba-ariwo-lẹ́nu-àgbà. Ìtàn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń sọ ní Coney Island, pé ní 1948, awakùsà kan tí kò fọhùn láti ọdún pípẹ́ lọ́gun lórí Cyclone, bí ó sì ti sọ̀ ni ó wí pé inú ń rú òun, kí ó tó dákú. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí, bóyá wọ́n bù mọ́ ọn, n kò ní bá ẹnikẹ́ni búra lé e.

Àwọn òṣìṣẹ́ Cyclone ni kì í jẹ́ kí oríkì di òtítọ́ jù. Kí ọgbà tó ṣí ní òwúrọ̀, àwọn kan a ti gun ojú irin náà, wọn a fi ẹsẹ̀ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn a máa wo pákó, wọn a máa wo nọ́ọ̀tì, èyí tí ó bá dẹ̀ wọn a fún un, kí wọn tó wá rán ọkọ̀ òfìfo lọ bọ̀. Ènìyàn 24 ni ọkọ̀ kan ń gbà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì máa ń wà lórí ìrìn lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ó ń dá a dúró bí ó bá padà dé; ọwọ́ ènìyàn ni. Ẹ ó rí òṣìṣẹ́ tí ó di ọ̀pá gígùn mú ní ibùdókọ̀, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ̀ tí ń bọ̀, tí yóò fà á ní àsìkò tí ó yẹ gẹ́lẹ́, kí bíréèkì lè di ọkọ̀ mú níwájú àwọn tí ń dúró. Iṣẹ́ ojú ni, iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé òjò, oòrùn àti ìwúwo èrò ló ń pinnu ìgbà tí a ó fà á. Ní àárọ̀ tí ọ̀rá ara kẹ̀kẹ́ ṣì le, ọkọ̀ a máa falẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí ohun gbogbo ti gbóná, a máa ya wèrè díẹ̀.

Àwọn rólà kósítà òde òní, tí ọkọ̀ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún lè wà lórí irin kan náà, kò ṣeé fi lé ojú ènìyàn nìkan lọ́wọ́. Ṣe ni wọ́n pín ojú irin sí ìpín ìpín, kọ̀ǹpútà kò sì ní gbà kí ọkọ̀ kan wọ ìpín tí òmíràn kò tíì kúrò nínú rẹ̀. Òfin yìí ni gbogbo ààbò rẹ̀ dúró lé. Ní Alton Towers, ní Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 2 oṣù Òkúdù 2015, ọkọ̀ òfìfo kan há sójú irin The Smiler, rólà kósítà tí ń dojú èrò kodò lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Kọ̀ǹpútà rí i, ó sì dá ọkọ̀ tí ó gbé ènìyàn 16 dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n wà níbẹ̀ rò pé kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣìṣe, wọn kò mọ̀ pé ọkọ̀ kan há níwájú, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn yí àṣẹ rẹ̀ dà. Ọkọ̀ ẹlẹ́nìyàn lọ kọlu òfìfo. Ọ̀dọ́mọbìnrin méjì pàdánù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lé ilé iṣẹ́ tí ó ni ọgbà náà ní 2016. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Ó wí pé kí wọ́n dúró.

Àwa tí a fẹ́ràn nǹkan yìí ní ẹgbẹ́ tiwa. Èyí tí ó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà, American Coaster Enthusiasts, ti wà láti 1978, bí ẹ bá sì fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa, ẹ sáà béèrè pé ìjókòó wo ni ó dára jù. Àwọn ará iwájú ní àwọn ni afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń fẹ́ sí lójú. Ẹ̀yìn ni èmi wà, mo sì ní ìdí: bí iwájú ọkọ̀ bá ti ré góńgó kọjá tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í já, ṣe ni ó ń fa ẹ̀yìn lé ara rẹ̀, kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn tó dé góńgó, eré ti wọ ọkọ̀ lára, ìjókòó a sì yọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, a gbé e sókè títí irin orí itan yóò fi dá a padà. Ìjà kejì ni ti igi àti irin. Òpó Cyclone, irin ni; nítorí pé pákó ni a to sábẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀, onígi ni a kà á sí. Láti 1959 tí Disneyland ti ṣí Matterhorn sórí irin oníhò roboto ni irin ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igi, n kò sì ní sẹ́ pé irin ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀, àmọ́ igi a máa gbọ̀n, a máa dún, a sì máa jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun lọ sí ibì kan.

Ní nǹkan bí 1970 lọ sókè, ìjọba ìlú New York fẹ́ wó Cyclone lulẹ̀ kí wọ́n lè rí ilẹ̀ fẹ ilé ìkẹ́ja tí ó wà nítòsí. Àwọn ará àdúgbò kò gbà. Wọ́n pariwo títí tí wọ́n fi yá a fún àwọn tí ó lè tún un ṣe, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ìlú náà fi òfin dáàbò bò ó ní 1988, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi ìtàn rẹ̀ ní 1991. Kingda Ka ńkọ́, rólà kósítà tí ó ga jù lọ láyé nígbà tí wọ́n ṣí i ní New Jersey ní 2005, 456 ẹsẹ̀ bàtà, eré rẹ̀ 128 máìlì ní wákàtí kan? Ogún ọdún kò pé kí wọ́n tó tì í, wọ́n sì fi ẹ̀tù wó o ní oṣù Èrèlé 2025.

Ní oṣù Òkúdù 2027, Cyclone yóò pé 100 ọdún. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé Brooklyn, ọ̀nà kò jìn sí yín: ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ D, F, N àti Q ní ń lọ sí Stillwell Avenue, nǹkan bí ìgbà ọjọ́ ìsinmi Ọ̀pẹ sì ni ọgbà sábà máa ń ṣí lọ́dọọdún. Ẹ bọ́ fìlà, ẹ tú gèlè, ẹ kó fóònù àti owó kúrò nínú àpò tí ó ṣí, ẹ sì gbọ́ràn sí àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu. Ọmọ tí kò bá ga tó 54 ínǹṣì, ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn àti aboyún, kí wọ́n dúró nísàlẹ̀, kí wọ́n máa bá ìyókù di báàgì mú.