Ọmọ Kì í Ṣe Ọjà: Àlàyé Lórí Àwọn Òbí Tí Ń Fi Ọmọ Wọn Han Gbogbo Ayé Nínú Fóònù

Ní oríta Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Benin, fóònù alágbèéká ti di ohun tí ó wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Awakọ̀ ń lò ó, oníṣòwò pákó ń lò ó, ìyá tí ń ta búrẹ́dì fún èrò ọkọ̀ náà ń lò ó. Bákan náà ni ó rí ní Òdìgbó àti ní àwọn abà kòkó tí ó yí i ká. Fóònù kan náà yìí ni àwọn òbí kan fi ń ya fọ́nrán àwọn ọmọ wọn, bí wọ́n ti ń jẹun, bí wọ́n ti ń ṣeré, àti bí wọ́n ti ń gba ìbáwí, tí wọ́n sì ń gbé e sí orí YouTube, Facebook àti TikTok kí gbogbo ayé lè wò ó.

Àríyànjiyàn púpọ̀ ti dìde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní òbí ni ó ni ọmọ rẹ̀, ohun tí ó bá wù ú ni kí ó ṣe. Àwọn mìíràn ní irú òbí bẹ́ẹ̀ ń fi ọmọ ṣòwò, àti pé wọn kò mọ ọmọ tọ́. Ó yẹ kí àwọn ará ìlú mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an kí wọ́n tó gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

BÍ OWÓ ṢE Ń WỌLÉ

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ya ọmọ rẹ̀ ni ó ń wá owó. Ọ̀pọ̀ kàn fẹ́ kí ìyá àgbà tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ ọ́ di iṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ni YouTube àti Facebook a máa fi ìpolówó ọjà sáàárín fọ́nrán, wọn a sì máa pín nínú owó ìpolówó náà fún ẹni tí ó gbé fọ́nrán jáde. Kí YouTube tó fún ènìyàn ní ìpín yìí lórí fọ́nrán gígùn, ó kéré tán 1,000 ènìyàn gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ láti máa tẹ̀lé e, àwọn òǹwòran sì gbọ́dọ̀ ti lo 4,000 wákàtí nídìí àwọn fọ́nrán rẹ̀ láàárín oṣù 12.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó jókòó jẹ́ẹ́ kì í fa èrò. Ohun tí ń fa èrò ni ẹkún, ìbẹ̀rù, ìjà àti ìbáwí. Òbí tí ó bá ti rí i pé ọjọ́ tí ọmọ sunkún ni òǹwòran pọ̀, ìdánwò ti dé bá a. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù nígbà tí ó yẹ kí ó gbé ọmọ.

Ní ọdún 2020, ìyá kan ní Èkó ya fọ́nrán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kékeré tí ó ṣẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń fi omijé bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fara balẹ̀. Fọ́nrán náà tàn káàkiri, títí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu ti Ìpínlẹ̀ Èkó fi kéde pé òun fẹ́ rí ọmọ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yin ọgbọ́n ọmọ náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan béèrè bóyá ó yẹ kí ìbáwí ọmọ di ohun ìwòran. Ọ̀rọ̀ ti ọmọ yẹn yọrí sí ayọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ ṣáájú ti ìhín, ọ̀rọ̀ ìdílé kan di ẹ̀kọ́ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2015, obìnrin kan tí ń jẹ́ Ruby Franke ní ìpínlẹ̀ Utah bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbé ayé òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́fà han lórí YouTube. Ó pe ètò náà ní 8 Passengers, èyí tí ó túmọ̀ sí èrò ọkọ̀ mẹ́jọ. Àwọn tí ń tẹ̀lé e ju mílíọ̀nù méjì lọ, ó sì ń kọ́ àwọn ìyá mìíràn ní ọmọ títọ́.

Ní ọdún 2020, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ sọ nínú fọ́nrán pé wọ́n ti gba yàrá òun lọ́wọ́ òun fún oṣù méje. Àwọn òǹwòran figbe ta, wọ́n sì kọ ìwé pé kí ìjọba wádìí ìdílé náà. Ìdílé náà gbèjà ara wọn, ọ̀rọ̀ sì rọlẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mìíràn, ọmọ ọdún 12, gba ojú fèrèsé sá jáde kúrò ní ilé ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀. Ó lọ sí ilé aládùúgbò, ó sì tọrọ oúnjẹ àti omi. Ebi ti gbẹ ọmọ náà, egbò ìdè sì wà lára rẹ̀. Ruby Franke gbà níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀sùn mẹ́rin, ọdún 1 sí 15 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkínní ni pé gbogbo àwọn tí ń ṣe àríwísí kọ́ ni ọ̀tá. Àwọn kan ti rí èéfín ní ọdún mẹ́ta kí iná tó hàn. Èkejì ni pé ohun tí ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú fọ́nrán tí wọ́n fi han àwọn òǹwòran. Ohun tí òbí bá fẹ́ nìkan ni fóònù ń fi hàn. Nítorí náà, ẹni tí ń wò láti òkèèrè kò lè fi ohun tí ó rí níbẹ̀ dá òbí láre tán, kò sì lè fi í dá a lẹ́bi tán.

TA NI IGBA ÈNÌYÀN?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Àwọn tí ń bú òbí nínú fóònù a máa fi òwe yìí gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni igba ènìyàn tí àwọn àgbà ń wí? Ìyá àgbà tí ó wẹ ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i ni. Bàbá ojúlé kejì tí ó mọ̀ pé ọmọ náà kò jẹun láàárọ̀ ni. Olùkọ́ tí ó rí àpá lẹ́yìn rẹ̀ ni. Wọ́n mọ orúkọ ọmọ, ọmọ náà sì mọ ẹnu ọ̀nà wọn. Ọmọ tí ó sá jáde ní Utah, ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ni ó kàn, kì í ṣe ti mílíọ̀nù méjì òǹwòran.

Ẹni tí ó bá fi fọ́nrán ránṣẹ́ síwájú kí ó lè fi bú ìyá ọmọ, ìtìjú ọmọ ni ó ń tàn kálẹ̀. Ní ayé àtijọ́, àwọn ẹgbẹ́ a máa fi orin ṣe yẹ̀yẹ́ ọmọ tí ń tọ̀ sórí ẹní. Bí ọmọ náà bá dàgbà, orin náà a kú. Fọ́nrán kì í kú bẹ́ẹ̀. Ó lè bá ọmọ dé ilé ìwé gíga, ó lè bá a dé ibi tí ó ti ń wá iṣẹ́, ó sì lè bá a dé ilé àna. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ojú tí ń wò ni ó ń fi inú rere wò. Ní ọdún 2019, YouTube fúnra rẹ̀ ti àyè èsì lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́nrán tí ọmọdé wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn oníwà ìbàjẹ́ ń kọ ìsọkúsọ síbẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Nàìjíríà ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Abala 8 nínú òfin ti ọdún 2003 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n pa àṣírí rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ mọ́. Kò sì gba agbára ìtọ́sọ́nà tí ó tọ́ lọ́wọ́ òbí. Abala 28 gbà kí ọmọ bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ti oko tàbí ti inú ilé, ṣùgbọ́n ó lòdì sí iṣẹ́ tí a fi ń rẹ́ ọmọ jẹ. Ọmọ tí ó bá bàbá rẹ̀ sá kòkó mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí. Ọmọ tí fóònù ń tẹ̀lé wọ yàrá, iṣẹ́ tirẹ̀ kì í parí.

Ní ti owó, ilẹ̀ Faransé ṣe òfin ní ọdún 2020 pé kí wọ́n tọ́jú owó tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá rí nínú iṣẹ́ yìí títí yóò fi dàgbà, àti pé ọmọ fúnra rẹ̀ lè ní kí wọ́n pa fọ́nrán òun rẹ́. Òfin lórí owó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Illinois ní oṣù Keje ọdún 2024. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Shari, àkọ́bí Ruby Franke, dúró níwájú àwọn aṣòfin Utah láti gbèjà àwọn ọmọ tí ó wà nírú ipò tí òun ti wà. Utah ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2025.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÒBÍ ÀTI FÚN ARÁ ÌLÚ

(1) Kí òbí má ṣe ya ọmọ tí ń sunkún, tí ń ṣàìsàn, tí ń wẹ̀, tàbí tí ń gba ìbáwí. Inú ilé ni ìbáwí ń gbé. Ẹni tí ó bá gbé e lọ sí ọjà, gbogbo ọjà ni yóò bá a dá sí i.

(2) Kí òbí má ṣe fi orúkọ ilé ìwé ọmọ, aṣọ ilé ìwé rẹ̀, tàbí ọ̀nà ilé hàn.

(3) Bí ọmọ bá ti lè sọ̀rọ̀, kí òbí bi í kí ó tó gbé fọ́nrán rẹ̀ jáde. Bí ọmọ bá ní rárá, kí ó rí bẹ́ẹ̀.

(4) Bí owó bá wọlé nítorí ọmọ, kí òbí ya ìpín ọmọ sọ́tọ̀ sí báǹkì ní orúkọ rẹ̀.

(5) Ẹni tí ó bá rí fọ́nrán tí kò dára, kí ó má ṣe fi í ránṣẹ́ síwájú. Bí ó bá mọ òbí náà, kí ó lọ bá a ní ìkọ̀kọ̀, tàbí kí ó rán àgbà ilé sí i. Bí ó bá sì rí àmì pé wọ́n ń fi ìyà jẹ ọmọ, kí ó tètè sọ fún ọlọ́pàá tàbí fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ń bójú tó ìtọ́jú ọmọdé. Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbó, Ọ̀rẹ̀ ni oríkò wọn wà. Ọ̀rọ̀ kan tí ó dé etí ẹni tí ó lè kan ilẹ̀kùn wúlò fún ọmọ náà ju ẹgbẹ̀rún èébú lọ.