FÓÒNÙ TÍ ETÍ ÀGBÀ YÓÒ GBỌ́: ARIWO NÌKAN KỌ́ O!

Ọmọ pe ìyá rẹ̀ láti Ìlú Ọba lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyá ò gbé e. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìyá gbé e. "Hẹ̀lóò! Hẹ̀lóò! Ta nìyẹn? N ò gbọ́ o!" Ló bá pa á. Ọmọ bínú, ó ní Màmá ò ka òun kún mọ́. Ìyá náà bínú, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n sọ, wọ́n kàn ń kùn sínú fóònù ni. Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Etí ló ti ń dàgbà, fóònù ọwọ́ ìyá ò sì bá irú etí bẹ́ẹ̀ mu.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú àwọn tó ti lé ní ẹni 60 ọdún, ó ju ẹnì kan lọ nínú mẹ́rin tí etí wọn ti wúwo débi tó ń dí wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀BÙN TÓ DI OHUN Ọ̀ṢỌ́

Bí ọmọ tó wà lókè òkun bá gbọ́ pé etí ìyá ti ń wúwo, ohun tó lè sáré ṣe ni kó ra fóònù inú ilé tí kò ní wáyà, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún àgbàlagbà, kó fi ránṣẹ́ sílé. Fóònù náà dára níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Bọ́tìnì rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ ròkè ju ti fóònù lásán lọ. Òmíràn tún ní bọ́tìnì kan tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á tún lọ sókè sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: èyí tí wọ́n ń gbé kiri inú ilé nìkan ni kò ní wáyà. Ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń gbé e lé gbọ́dọ̀ so mọ́ ẹ̀rọ tẹlifóònù inú ilé, ó sì gbọ́dọ̀ rí iná mànàmáná. Láyé NITEL, àwọn ilé kan ní wáyà tẹlifóònù. Láti ìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, ọwọ́ ni kálukú ń gbé fóònù sí, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì ní wáyà kankan mọ́. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá tún ní tirẹ̀. Iná ibẹ̀ jẹ́ 120 fóòtì, ti Nàìjíríà lé ní ìlọ́po kan àtààbọ̀ rẹ̀. Bí ṣájà náà ò bá gba méjèèjì, ẹ kì í bọ iná, ó jó nìyẹn! Fóònù olówó gọbọi á wá dohun tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí àlejò ń wò.

Ohun tó máa wúlò nílé ni fóònù olóbọ́tìnì kékeré tó ń lo síìmù, tàbí fóònù orí tábìlì tó ń lo síìmù. Ti orí tábìlì yìí jọ fóònù àtijọ́, gbogbo ará ilé ló mọ ibi tó wà, kò sì nílò wáyà tẹlifóònù.

ARIWO YÀTỌ̀ SÍ GBÍGBỌ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Wọ́n rò pé bí fóònù bá ti ń pariwo, ó ti tó. Bí etí bá ń dàgbà, ìró tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ sá mọ́ ọn lọ́wọ́: s, f, t, k. Fóònù fúnra rẹ̀ tún máa ń gé lára àwọn ìró tín-ín-rín yìí. Ìró tó nípọn àti ohùn òkè ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa kì í tètè lọ. Nítorí náà, bí ọmọ bá ní "owó ẹ̀kọ́," ìyá lè gbọ́ "owó ẹ̀fọ́." Ìyá á wá máa ṣe kàyéfì pé irú ẹ̀fọ́ wo ló gbówó lórí tó báyìí!

Ìdí nìyí tí igbe kò fi ṣe é. Bí ẹ bá ń pariwo mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ á máa ró gbọ̀ngbọ̀n, kò sì ní yéni. Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, ẹ má sáré, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ bá wá. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́.

BÍ Ẹ BÁ DÉ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Ẹ mú àgbà náà dání. Etí yín kọ́ ni yóò lò ó. Ẹ ní kí ọlọ́jà ki síìmù bọ̀ ọ́, kí ẹnì kan pè é látòkèèrè.

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń dún. Dídún tó nípọn sàn fún etí àgbà ju èyí tó ń han gooro lọ. Bó bá tún ń gbọ̀n, tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ohùn tó ń wọ etí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bó ṣe ń dún lọ́tọ̀, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ lọ́wọ́ ni kí ẹ tẹ bọ́tìnì ohùn sókè. Bó bá dé òpin tó ń ya bí ìlù tí awọ rẹ̀ ti là, ẹ gbé òmíràn.

Bí àgbà náà bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí, kó wọ̀ ọ́ lọ. Àwọn fóònù kan máa ń mú un súfèé.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé sípíkà nìkan. Ó ń ran etí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ló máa gbọ́ iye tí ọmọ fi ránṣẹ́. Ẹni tí kò dáa lè wà nínú wọn.

ETÍ FÚNRA RẸ̀ ŃKỌ́?

Kí ẹ tó náwó, ẹ mú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nígbà mìíràn ìdọ̀tí ló dí etí pa, wọ́n á yọ ọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ẹ má fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí ìṣáná rò ó o! Bí etí kan bá dédé di lójijì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gba ọsibítù lọ.

Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin tó ń kan pátákó ara mọ́tò, ẹ̀yin tó ń lọ ata, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí. Ariwo ojoojúmọ́ ń jẹ etí, ohun tó bá sì jẹ kì í padà. Ẹ wá nǹkan dí i lẹ́nu iṣẹ́.

Òkété tó dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Bí ìyá bá ní "N ò gbọ́," kì í ṣe ìwọ̀sí. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń tọrọ.