Orúnkún Bàbá, Orúnkún Ọmọ

Ní Obajana, nílẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, níbi tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote wà, ọ̀kadà àti ọkọ̀ akẹ́rù ló jọ ń du ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Kàbà. Ẹni tí ọ̀kadà bá gbé ṣubú níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ lábẹ́ rẹ̀, lè dìde kí eegun kankan má ṣẹ́, síbẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ wú, kí ó sì máa yẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó máa ń rí fún agbábọ́ọ̀lù lórí pápá ọgbà wa. Ó ṣeé ṣe kí okùn iṣan tó di eegun itan mọ́ eegun ojúgun ti já.

Ta wá ni iṣẹ́ abẹ orúnkún léwu fún? Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń dáhùn kí dókítà tó lanu: "Bàbá ti dàgbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án." Bí ó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún ni, wọn kì í bèèrè nǹkan kan. Lójú tiwa, ọ̀nà méjèèjì kò tọ́.

Okùn yìí kì í sábà jinná fúnra rẹ̀ bí ó bá já pátápátá. Dókítà yóò mú díẹ̀ lára iṣan ẹ̀yìn itan tàbí ti iwájú orúnkún aláìsàn náà, yóò fi ṣe òmíràn. Ìjàǹbá kò wọ́pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kòkòrò lè wọ inú orúnkún. Orúnkún lè le gbagidi. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀, kí ó gba ibẹ̀ lọ dí ẹ̀dọ̀fóró.

Òótọ́ ni pé bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga ni ewu ẹ̀jẹ̀ dídì ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kíka ọdún nìkan kò tó. Àwọn dókítà ní ìbéèrè márùn-ún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ara ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ: ṣé ó ní àtọ̀gbẹ? Ṣé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé ọkàn rẹ̀ lágbára tó láti pín ẹ̀jẹ̀ káàkiri? Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó lè wẹ̀, kí ó wọṣọ, kí ó rìn láìsí olùrànlọ́wọ́? Àtọ̀gbẹ kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tètè jinná. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tó ti rẹ̀ kì í fẹ́ oògùn akunilóorun. Nítorí náà, awakọ̀ ẹni ọdún 45 tó ní mẹ́ta nínú wọn lè wà nínú ewu ju àgbẹ̀ ẹni ọgọ́ta ọdún tí kò ní ìkankan lọ.

Ẹ wo Zlatan Ibrahimovic. Ẹni 40 ọdún ni nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún un ní oṣù karùn-ún 2022. Ní oṣù kẹta 2023 ó tún gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Milan. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo bàbá ló ní dókítà tirẹ̀ nílé! Ọ̀pọ̀ àgbà tí kò ní sáré kiri mọ́ ni fisiotẹ́rápì nìkan tó fún, láìsí ọ̀bẹ rárá.

Ti ọ̀dọ́ yàtọ̀. Ara rẹ̀ le, ọgbẹ́ rẹ̀ á tètè jinná, ohun tó sì ń kó o sí wàhálà nìyẹn. Á padà sórí pápá kí oṣù 9 tó pé, okùn tuntun náà á sì tún já. Àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún ni èyí ń ṣe jù.

Bí wọ́n bá wá dá ọjọ́ fún Bàbá ní Lọ́kọ́ja, tàbí ní Ìgbóbì l'Ékòó, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀ wò. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò lọ han dókítà, títí kan àgbo, nítorí òmíràn wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Lẹ́yìn tó bá délé, bí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ bá wú tó ń dùn ún, tàbí tí kò lè mí délẹ̀, ẹ gbé e padà lóru ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá.