Níti Ọ̀bẹ Àpò àti Ohun tí A fi ń Ṣe Èèkù Rẹ̀

Ọ̀bẹ àpò ni ọ̀bẹ kékeré tí ojú rẹ̀ máa ń ká wọ inú èèkù, tí ènìyàn sì lè gbé kiri láìsí àkọ̀. Àgbẹ̀ a máa fi í gé okùn, a máa fi í bó ọsàn, a sì máa fi í la ẹ̀ka igi tí ó fẹ́ lọ́. Apẹja a máa fi í tún àwọ̀n ṣe, akọ̀wé ayé àtijọ́ a sì máa fi í gbẹ́ pẹ́ńsù. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn kan wà tí kì í ṣe nítorí iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ṣe ń ra ọ̀bẹ. Wọ́n ń kó o jọ, bí ẹlòmíràn ti ń kó sítáǹbù lẹ́tà jọ. Bí ọdún bá ti ń lọ sí òpin, ohun tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè ni èyí: irú ọ̀bẹ wo ni àwọn tí ń rọ ọ́ yóò mú jáde ní ọdún tí ń bọ̀, kí ni wọn yóò sì fi ṣe èèkù rẹ̀? Ìbéèrè náà kéré létí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí ń gbé ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́, ní Ajáh, ní Ṣàngótẹ̀dó àti síwájú, nítorí ohun tí a ń pè ní ọba nínú ohun èèkù ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di arúfin ní ọ̀nà yìí kan náà.

Kí a tó sọ ti èèkù, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń to irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tí ń tẹ̀ tí ó sì ń padà sípò bí ọrun. Òun ni ó ń di ìdí ojú ọ̀bẹ mú, yálà ó ṣí tàbí ó pa dé. A ó fi pẹpẹ idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì há a láàrin, lẹ́yìn idẹ náà ni a ó wá kan awẹ́ èèkù méjì mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣó. Nítorí náà kì í ṣe èèkù ni ó gbé ọ̀bẹ ró. Aṣọ ni ó jẹ́ fún un. Ìdí nìyí tí a fi lè mú ọ̀bẹ kan náà kí a wọ̀ ọ́ ní egungun, ní ìwo, tàbí ní igi, tí àwọn tí ń kó o jọ yóò sì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ohun ọ̀tọ̀.

Ilé iṣẹ́ Case, tí ó ti wà ní ìlú Bradford ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà láti 1905, a máa tẹ nọ́ńbà sí ìdí ojú ọ̀bẹ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ nọ́ńbà náà kà kò nílò àlàyé mìíràn. Bí a bá rí 6254, 6 ń sọ pé egungun tí a gbẹ́ lára ni èèkù, 2 ń sọ pé ojú rẹ̀ jẹ́ méjì, 54 sì ni irú tí wọ́n ń pè ní Trapper, ọ̀bẹ àwọn tí ń dẹ pakúté. Ní 2006 ilé mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní Titusville, ní Pennsylvania kan náà, tí a ń pè ní Great Eastern Cutlery. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń rọ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ti parí irú kan wọn a bọ́ sórí òmíràn, ó sì lè pẹ́ púpọ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó padà. Èyí ni ó ń mú kí ìrètí àwọn olùkójọ máa ga. Ẹnìkan ń fẹ́ kí irú tí baba ńlá rẹ̀ lò tún jáde. Ẹlòmíràn ń fẹ́ igi tí a kò tíì fi ṣe èèkù rí. Owó tí àwọn kan nínú wọn ń ná sí i ju ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe lọ, ṣùgbọ́n owó wọn ni.

Ilẹ̀ Áfíríkà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Ní 1902 ni a bẹ̀rẹ̀ sí rọ ọ̀bẹ Okapi ní Solingen, ìlú àwọn arọ̀bẹ ní Jámánì, fún títà ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí Jámánì ń ṣàkóso nígbà náà. Orúkọ ẹranko igbó Kóńgò ni wọ́n fún un. Igi ni èèkù rẹ̀, a sì fi irin ṣe àpẹẹrẹ oṣù àti ìràwọ̀ sí i lára; òrùka kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tí a ń fà kí ojú rẹ̀ tó lè pa dé. Ní 1988 iṣẹ́ náà kó lọ sí Gúúsù Áfíríkà, ibẹ̀ ni a sì ti ń rọ ọ́ títí di òní. Ní 1929 ilé Cognet ní ìlú Thiers, ní Faransé, ṣe Douk-Douk fún àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì, ṣùgbọ́n Àríwá Áfíríkà ni ó ti rí ọjà. Kò ní igi tàbí egungun rárá, pẹpẹ irin tí a ká ni gbogbo èèkù rẹ̀. Opinel, tí Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ ní Savoie ní 1890, jẹ́ ti igi lásán. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ṣe fún àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a wọ̀ ní ohun iyebíye. Síbẹ̀ àwọn olùkójọ ń wá wọn kiri.

Alágbẹ̀dẹ Yorùbá ti mọ iṣẹ́ irin kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ ní èbúté wa. Lónìí irin sípírínì mọ́tò tí ó ti gbó ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rọ àdá àti ọ̀bẹ, irin náà sì dára púpọ̀, nítorí ó le, síbẹ̀ kì í tètè ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí a ń fi sínú àkọ̀ ni wọ́n ń rọ. Ọ̀bẹ àpò nira fún ẹni tí ń fi ojú lásán wo bí irin ti pọ́n tó nínú iná: irin ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ le jù kí ó má ba ṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ rọ̀ jù kí ó má ba tẹ̀ láìpadà. Nínú Ìwé Samuẹli Kìn-ín-ní, orí 13, a kà pé kò sí alágbẹ̀dẹ kan ní gbogbo ilẹ̀ Israẹli, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti sọ̀kalẹ̀ tọ àwọn Filistini lọ kí wọ́n tó lè pọ́n ohun èlò oko wọn. Níti ọ̀bẹ àpò, ọ̀ràn tiwa jọ ti wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ kò wọ́n wa.

Nísinsìnyí a dé orí eyín erin. Ní ayé àtijọ́ kò sí ohun èèkù tí ó ṣe é bá dọ́gba. Ó ń dán, ó tutù lọ́wọ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀wọ̀ fi í gbẹ́ idà oyè àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè ń tọ́jú di òní olónìí, àwọn arọ̀bẹ ìlú Sheffield ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú lò ó púpọ̀. Erin ni ó san gbèsè náà. Ní 1989 àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES, èyí tí ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko tí ó fẹ́ run, fi ohùn ṣọ̀kan láti dá òwò eyín erin Áfíríkà dúró láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1990. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn yìí, ó sì ní òfin tirẹ̀ láti 1985, èyí tí a tún ṣe ní 2016.

Síbẹ̀ ní 2012, nígbà tí Esmond Martin àti Lucy Vigne wá wo ọjà iṣẹ́ ọnà ní Lẹ́kí, ohun eyín erin tí wọ́n kà lórí àtẹ lé ní 14,000: ẹ̀gbà, ìlẹ̀kẹ̀, ère àti irú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni a ń rà lọ sí òkè òkun. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ lọ eyín erin tí a ti gbà lọ́wọ́ àwọn arúfin, tí ó ju tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ lọ, di lẹ́búlẹ́bú ní Àbújá. Iye rẹ̀ ju bílíọ̀nù 9 náírà lọ. Nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, erin díẹ̀ ṣì kù. Bí a kò bá dá wọn sí, àwọn ọmọ ilé ìwé yóò máa ki erin ní oríkì láìmọ ẹni tí wọ́n ń kì.

Ẹni tí a bá fi ọ̀bẹ eléèkù funfun lọ̀, tí a sì sọ fún un pé egungun ni, lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Egungun ní ihò wẹ́wẹ́ tàbí àmì dúdú wẹ́wẹ́ lára, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń kọjá nígbà tí ẹran wà láàyè. Eyín erin kò ní in. Ṣùgbọ́n ní ojú ibi tí a ti gé e ní ìbú, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ń kọjá lórí ara wọn bí okùn àwọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá wí pé eyín erin ayé àtijọ́ ni èyí, pé òfin kò kàn án. Àwọn aṣọ́bodè kì í gba ẹnu lásán gbọ́.

Màlúù ni ó lè dípò erin. Ìwo àti egungun tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ẹ̀gbin lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹran, ohun èèkù gidi ni. A ó se ìwo nínú omi gbígbóná títí egungun inú rẹ̀ yóò fi yọ. A ó fi ayùn là á ní gígùn, a ó tún fi ooru rọ̀ ọ́, a ó sì tẹ̀ ẹ́ láàrin pẹpẹ irin méjì kí ó lè tẹ́jú. Lẹ́yìn èyí ó di ti sùúrù: kí a fi í sí abẹ́ òrùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìwo tí kò gbẹ tó yóò súnkì nígbà ọyẹ́, yóò sì là ní ìdí ìṣó. Níti egungun, ti ojúgun ni ó dára jù, nítorí ó nípọn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí a sè é pẹ̀lú ọṣẹ kí ọ̀rá rẹ̀ lè jáde. Bí a bá sè é ní àsèjù yóò di ohun tí ń fọ́. Egungun a máa mu aró dáradára. Àwọn òyìnbó ń rẹ ẹ́ ní pupa, ní àwọ̀ ewé àti ní dúdú. Kò yẹ kí aláró Abẹ́òkúta jẹ́ kí iṣẹ́ yìí kọjá lọ láìdán an wò.

Ewu méjì wà nínú iṣẹ́ yìí. Àrùn àńtíráàsì tí ń pa màlúù lè ràn mọ́ ènìyàn láti ara awọ, irun, egungun àti ìwo. A rí àrùn náà nínú màlúù ní Ìpínlẹ̀ Niger ní oṣù keje 2023. Irúgbìn kòkòrò rẹ̀ a máa pẹ́ láyé, sísè fún ìgbà díẹ̀ kò sì tó láti pa á. Nítorí náà, kí a má ṣe mú ìwo tàbí egungun ẹran tí ó kú fúnra rẹ̀; ti ẹran tí dókítà ẹran ti yẹ̀ wò ní ilé ìpẹran ni kí a rà. Ewu kejì ni eruku. Eruku ìwo, egungun àti igi ìrókò pẹ̀lú a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí ó ti ń pọ̀ sí i. Kí oníṣẹ́ da omi sí ohun tí ó ń yún, kí ó bo imú rẹ̀ dáadáa, kí ó má sì ṣe é nínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn.

Níti igi kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀: ìrókò àti apá dára, nítorí wọn kì í tètè yí padà bí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ti ń gbapò ara wọn, àràbà rọ̀ jù. Igbá àgbọn, èyí tí ẹnikẹ́ni tí ó mọ ilẹ̀ Lẹ́kí ní ìgbà tí àgbọn kún ibẹ̀ kò ní ṣàìrántí, le, ó sì ń dán bí a bá fi epo pa á, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ. Ọ̀bẹ kékeré nìkan ni ó lè bá mu, àfi kí a tò ó ní wẹ́wẹ́ kí a sì fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùkójọ fẹ́ràn, tí a ń pè ní Micarta. Aṣọ tàbí pépà ni a ń tò léra, tí a rì sínú oje líle, tí a sì tẹ̀ mọ́ra títí yóò fi dà bí pákó. Bí a bá yún un, ilà aṣọ náà yóò hàn bí ilà ara igi. Kò sí ìdí tí àjákù àdìrẹ tàbí aṣọ òkè kò fi lè wọ inú rẹ̀, èyí yóò sì jẹ́ èèkù tí a kò lè rí ra ní Solingen tàbí ní Titusville. Òórùn oje náà kò dára fún ara. Ìta gbangba ni kí a ti ṣe é.

Bí alágbẹ̀dẹ kan ní Ṣàngótẹ̀dó bá fẹ́ dá irú ọ̀bẹ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó ro ibi tí ó ń gbé. Òkun wà ní ìhà kan, ọ̀sà sì wà ní ìhà kejì. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ a máa mú irin dípẹtà kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Irin tí kì í dípẹtà ni ó yẹ fún ojú rẹ̀, idẹ fún inú rẹ̀. Kí ẹnu rẹ̀ gùn gbọọrọ, kí orí rẹ̀ má ṣe ṣóńṣó, kí apẹja tí ń gé okùn àwọ̀n nínú ọkọ̀ má ba gún ara rẹ̀ lójijì nígbà tí omi bá ru. Kí ó lu ihò sí ìdí èèkù fún okùn, nítorí ohun tí ó bá bọ́ sínú ọ̀sà ti lọ nìyẹn.

Níti ìtọ́jú, epo pupa àti òróró kò dára fún ibi tí ọ̀bẹ ti ń ká, nítorí wọn a máa di àtè níbẹ̀. Ẹ̀kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó. Èèkù ìwo ni a ó fi òrí díẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà ọyẹ́, kí a sì máa lo ọ̀bẹ náà, nítorí ìwo tí a tì mọ́ inú àpótí ni kòkòrò ń jẹ.