Ìnáwó Ọdún Kérésìmesì ní Agbègbè Yewa: Ìdí Tí Ọjà Fi Ń Wọ́n àti Ohun Tí A Lè Ṣe

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ìrẹsì, òróró, adìẹ àti aṣọ a máa gbówó lórí ní àwọn ọjà Ìlaròó, Ayétòrò àti gbogbo agbègbè Yewa. Ìdí àkọ́kọ́ kò fara sin: ohun kan náà ni gbogbo ilé ń wá lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Abẹ́òkúta sì ń bọ̀ wálé ṣọdún.

Ìdí kejì ni ti ibodè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti sọ. Láti ìgbà náà, náírà tí à ń kó sílẹ̀ kí a tó rí sẹ́fà gbà ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọjà tó ti Benin wá wọ́n fún wa, ẹni tó sì mú sẹ́fà wá lè ra gàrí àti àgbàdo wa ju bí ó ti ń rà á tẹ́lẹ̀ lọ.

Kì í ṣe gbogbo ọjà tí ó dínwó ni èrè. Òfin kò gbà kí a kó ìrẹsì òkèèrè gba ibodè ilẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni èèwọ̀ ni adìẹ inú yìnyín láti òkèèrè. Ẹni tó bá rà wọ́n lè pàdánù owó àti ọjà sọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. Ta ni ó sì mọ iye ìgbà tí adìẹ náà ti yọ́ lójú ọ̀nà?

Kí ni a lè ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a ra ohun tó lè pẹ́ nílẹ̀ ní àkókò tí ó bá pọ̀. Epo pupa a máa pọ̀ láàrin oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún. Ìrẹsì Ọ̀fadà a sì máa ti oko dé ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá.

Èkejì ni àjọ dídá. Àwọn tó bá ń dáwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lè ra odidi àpò ìrẹsì, kí wọ́n sì fi kóńgò pín in láàrin ara wọn, dípò kí olúkúlùkù máa rà á díẹ̀díẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Kí wọ́n kọ owó sínú ìwé, kí ó má sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin àpapọ̀ ọdún 2018 lórí ìdáàbòbò àwọn oníbàárà pàṣẹ kí ontajà fi iye ọjà hàn, kò sì gbà kí ó gba owó tó ju iye tí ó kọ sílẹ̀ lọ. Ẹni tí a bá rẹ́ jẹ lè fi ẹjọ́ sun àjọ FCCPC. Nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Lékè gbogbo rẹ̀, kété lẹ́yìn ọdún tuntun ni sáà kejì ilé-ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yọ owó ìwé àti bàtà àwọn ọmọ sọ́tọ̀ kí a tó ra aṣọ ọdún. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.