Ìjọba Lórí Fóònù: Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Lọ, Bí Èsì Ṣe Ń Bọ̀

Ita-Djèbou wà lábẹ́ kọ̀mún Sakété, ní ẹ̀ka Plateau tí Pobè jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Láti ìdìbò Dìsẹ́ńbà 2002 ni àwọn kọ̀mún Benin ti ní ìgbìmọ̀ tí ará ìlú fúnra wọn dìbò yàn. Nígbà náà, akéde àti rédíò ló ń gbé ọ̀rọ̀ ìjọba dé abúlé. Lónìí, Facebook àti WhatsApp ti kún wọn, èyí sì mú kí ará ìlú lè fèsì lójú ẹsẹ̀.

ÀWỌN ỌJỌ́ TÓ YẸ NÍ MÍMỌ̀

20 Éprílì 2018: Òfin ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà, Code du numérique, jáde ní Benin.

Júláì sí Sẹ́tẹ́ńbà 2018: Ìjọba pàṣẹ pé kí ẹni tó bá ń lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn máa san fáráǹkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti gbé #TaxePasMesMo dìde. Kí Sẹ́tẹ́ńbà tó parí, ìjọba ti fagi lé e.

28 Éprílì 2019: Íntánẹ́ẹ̀tì kú jákèjádò Benin lọ́jọ́ ìdìbò aṣòfin.

Dìsẹ́ńbà 2019: Ilé ẹjọ́ rán akọ̀ròyìn kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù 18 nítorí ọ̀rọ̀ tó kọ sórí Twitter àti Facebook.

2020: Ìjọba ṣí service-public.bj, níbi tí a ti ń rí àlàyé lórí ìwé àṣẹ, tí a sì ti ń béèrè fún àwọn mìíràn láìkúrò nílé.

Júnì 2021 sí Jánúárì 2022: Ìjọba Nàìjíríà, aládùúgbò wa, ti Twitter pa.

ỌJỌ́RÚ, ỌJỌ́ ÌPÀDÉ ÀWỌN MÍNÍSÍTÀ

Ọjọ́rú ni àwọn mínísítà sábà máa ń pàdé, ìjọba a sì gbé àbájáde rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn àṣẹ tuntun, àwọn iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, àti àwọn tí wọ́n yàn sípò. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó gbọ́ Faransé nínú ilé kà á, kó fi Nàgó ṣàlàyé rẹ̀, kó gba ohùn náà sórí fóònù, kó sì fi ránṣẹ́ sí WhatsApp àdúgbò. Ìyá tí kò kàwé a gbọ́ ọ, a sì béèrè ohun tó bá rú u lójú.

BÍ A ṢE Ń KỌ̀WÉ SÍ ÌJỌBA

Bí ẹ̀rọ omi abúlé bá bàjẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ abúlé àti ọjọ́ tí omi dá, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ojú ìwé Facebook mẹ́ẹ̀rì. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ẹ má bú ẹnikẹ́ni, ẹ má gbé ohun tí kò dá yín lójú kiri. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ àti èsì tí wọ́n fún yín.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì, ẹ má fi fọ́tò ayẹyẹ nìkan kún ojú ìwé yín. Ẹ dáhùn, ẹ sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dáhùn ní èdè tí ẹni tó béèrè gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó mẹ́gà ọdún 2018 ti fi hàn pé bí ará ìlú bá fohùn ṣọ̀kan, ìjọba lè yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ẹ̀tọ́ wa ni kí ó máa gbọ́ wa kí ọ̀rọ̀ tó di ariwo.