Bí Ẹni Tí Ọ̀daràn Ṣe Lọ́ṣẹ́ Ṣe Ń Di Alágbàwí Àtúnṣe Òfin

Tí ọ̀daràn bá ṣe ènìyàn lọ́ṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń retí ni pé kí onítọ̀hún jẹ́rìí ní kóòtù, kí ó sì padà sílé. Àmọ́ àwọn kan kì í dúró síbẹ̀. Wọ́n á lọ bá àwọn aṣòfin pé kí wọ́n tún ọ̀nà tí à ń gbà mú ọ̀daràn ṣe. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ Jennifer Thompson, ará Amẹ́ríkà.

Ní oṣù Keje ọdún 1984, ọkùnrin kan já wọ ilé rẹ̀ nílùú Burlington, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Ọmọ ọdún 22 ni obìnrin náà nígbà yẹn. Nínú ìyà yẹn, ó ń wo ojú ọkùnrin náà fínnífínní kí ó lè dá a mọ̀.

Àwọn ọlọ́pàá kó fọ́tò ọkùnrin mẹ́fà síwájú rẹ̀, ó mú ti Ronald Cotton. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní lineup: wọ́n á to àwọn ènìyàn, wọ́n á ní kí ẹlẹ́rìí tọ́ka sí ọ̀daràn. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ìlà ìdámọ̀. Cotton náà ló tún tọ́ka sí. Ọlọ́pàá ní ẹni tó mú nínú fọ́tò nìyẹn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ní 1985, Cotton wẹ̀wọ̀n gbére.

Cotton kọ́ ni. Ní 1995, àyẹ̀wò DNA, tó ń wo àmì àdámọ́ inú ẹ̀jẹ̀ àti omi ara, fi hàn pé ọkùnrin mìíràn tó ń jẹ́ Bobby Poole ló ṣe é. Aláìṣẹ̀ ti lo ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn tí wọ́n ti mú Cotton, Poole ṣì ń ṣe àwọn obìnrin mìíràn lọ́ṣẹ́.

Báwo ni ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ọ̀daràn ṣe ṣàṣìmú? Iyè ènìyàn dà bí ọ̀nà oko: èyí tí ẹsẹ̀ bá ń tọ̀ ló ń là. Cotton nìkan ló wà nínú fọ́tò tó tún wà lórí ìlà. Bí obìnrin náà ṣe ń rí i, bẹ́ẹ̀ ni ojú Cotton ń gba ipò ojú ọ̀daràn. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní 1987, wọ́n mú Poole gan-an wá síwájú rẹ̀. Kò dá a mọ̀.

Ní 1997, Thompson bá Cotton pàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó tọrọ àforíjì, Cotton sì dárí jì í. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti ń bá ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò àti aṣòfin sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ń wọlé, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀daràn ni Thompson ń gbè.

Ní 2007, North Carolina ṣòfin lórí ìlà ìdámọ̀. Ẹni tó ń darí rẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ ẹni tí wọ́n fura sí, kí ojú tàbí ẹnu rẹ̀ má baà júwe rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ẹlẹ́rìí pé ọ̀daràn lè má sí níbẹ̀ rárá. Tó bá sì mú ẹnì kan, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á bi í bó ṣe dá a lójú tó, kí ẹnikẹ́ni tó kì í láyà.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí ẹni tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ẹ má rò pé ó ti gbàgbé ìyà tó jẹ. Ó ti rí i pé tí aláìṣẹ̀ bá wà lẹ́wọ̀n, ìgboro ni ọ̀daràn wà.